Etíkun Palawan: Puerto Princesa, El Nido tàbí Coron, Èwo Ni Kí Ẹ Yàn?

Bí ẹ bá tẹ orúkọ Palawan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwòrán kan náà ni yóò máa yọ sí yín: omi tó mọ́ gaara tó sì ní àwọ̀ ewé, òkúta dúdú tó ga bí ògiri ààfin, ọkọ̀ omi funfun kan láàárín. Àwòrán yẹn kì í sọ ibi tó ti wá. Ó lè jẹ́ El Nido, ó lè jẹ́ Coron, bẹ́ẹ̀ ìrìn nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lórí agbami ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti fi àwòrán yan ibi tí wọ́n máa lọ, tí wọ́n débẹ̀ tán tí wọ́n ń wá ohun tí kò sí níbẹ̀. Ìtàn ni mo fẹ́ kí ẹ fi yàn. Òkúta wọn jọra, omi wọn jọra, ṣùgbọ́n ohun tí ojú omi kọ̀ọ̀kan ti rí kò jọra rárá, òun ló sì máa pinnu ohun tí ẹ óò ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ìwọ̀ oòrùn orílẹ̀-èdè Filipínì ni ìpínlẹ̀ Palawan wà. Erékùṣù ńlá rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó lé ní 400 kìlómítà láti orí dé ìdí, àwọn erékùṣù tó sì wà nínú ìpínlẹ̀ náà lé ní 1,700. Ìjọba ti fẹ́ pín in sí ìpínlẹ̀ mẹ́ta rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2021 ni wọ́n ní kí àwọn ará ibẹ̀ dìbò lé e lórí, wọ́n sì dìbò pé àwọn ò pín. Ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ṣì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé òun lè fi ọjọ́ mẹ́rin rìn ín já ń tan ara rẹ̀ ni.

Ebi ló mú àwọn òyìnbó àkọ́kọ́ débẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Magellan, olórí àwọn ọkọ̀ ojú omi Sípéènì, ní erékùṣù Mactan ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1521, àwọn atukọ̀ rẹ̀ tó ṣẹ́ kù ń káàkiri láìrí oúnjẹ jẹ, wọ́n tilẹ̀ ti ń rò ó pé káwọn pa ọkọ̀ tì káwọn máa gbé orí ilẹ̀. Palawan ni wọ́n ti rí ìrẹsì, ẹlẹ́dẹ̀, ewúrẹ́, adìyẹ àti àgbọn. Antonio Pigafetta tó ń kọ ìrìn àjò náà sílẹ̀ pe ibẹ̀ ní ilẹ̀ ìlérí. Orúkọ yẹn ni àwọn tó ń polówó ìrìn àjò ń lò títí dòní, ṣùgbọ́n ìrẹsì ló ń sọ, kì í ṣe iyanrìn funfun.

Puerto Princesa: bí ọjọ́ yín bá kéré, tàbí bí ẹ bá kó ọmọdé àti àgbàlagbà rìn

Olú ìlú nìyí. Ọdún 1872 ni àwọn ará Sípéènì tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n sì ń lé àwọn tí wọ́n bá dájọ́ fún lọ síbẹ̀. Nígbà tí Filipínì bọ́ sọ́wọ́ Amẹ́ríkà, wọ́n dá ọgbà ẹ̀wọ̀n Iwahig sílẹ̀ lẹ́bàá ìlú náà ní 1904. Oko ni apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò ní ògiri. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń dáko ìrẹsì, wọ́n ń tọ́jú àgbọn. Ó ṣì wà, àlejò sì lè wọlé lọ ra iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ẹ fi orúkọ Iwahig sọ́kàn.

Láàárín ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàtídírà, ọgbà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Plaza Cuartel. Àwọn àlejò á ya fọ́tò níbẹ̀, wọ́n á sì máa lọ. Mo bẹ̀ yín, ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 1944, àádọ́jọ (150) ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí àwọn ará Jàpáàn kó lógun wà níbẹ̀. Wọ́n ti ń fi wọ́n ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó, wọ́n ń la pápá bàlúù. Nígbà tí àwọn ará Jàpáàn rí i pé Amẹ́ríkà ti ń sún mọ́ tòsí, wọ́n pariwo pé bàlúù ogun ń bọ̀, kí gbogbo wọn kó sínú kòtò ààbò. Wọ́n wọlé tán, wọ́n da pẹtiróòlù lé wọn lórí, wọ́n sì sọ iná sí i. Èèyàn 139 ló kú. Àwọn 11 já àjàbọ́, wọ́n bẹ́ sí etí òkun, àwọn kan nínú wọn lúwẹ̀ẹ́ la òkun já títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sí Iwahig. Àwọn ará ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn àti àwọn jagunjagun inú igbó ló fi wọ́n pamọ́. Pápá tí wọ́n ń fi wọ́n là nígbà náà ni pápákọ̀ òfurufú ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni bàlúù yín máa bà sí.

Ohun tó ń fa èrò wá sí Puerto Princesa jù ni odò tó ń ṣàn nínú òkè. Ó gùn tó 8.2 kìlómítà, ó gba abẹ́ òkè ńlá kọjá, ó sì já tààrà sínú òkun. Àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 1999. Sabang ni wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ omi lọ síbẹ̀, ó sì tó nǹkan bíi 80 kìlómítà sí àárín ìlú. Iye èèyàn tí wọ́n ń jẹ́ kó wọlé lójúmọ́ níwọ̀n, nítorí náà ẹ tètè gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó kúrò nílùú.

Wọ́n á dé akoto sí yín lórí, wọ́n á ní kí ẹ pa ẹnu mọ́ bí ẹ bá ń wòkè. Ẹ óò rò pé àwàdà ni. Ọkọ̀ náà kò ní ẹ́ńjìnnì, àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á, nítorí náà bí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ihò bá ti tán lẹ́yìn yín, ìró àjẹ̀ nìkan ló kù. Ìgbà tí iná ọwọ́ bá kan àjà ihò ni ẹ óò rí àwọn àdán tí wọ́n so rọ̀ lọ́gọ́rọ̀ọ̀rún, tí nǹkan á sì máa kán tó, tó, tó sórí akoto yín: omi ni, ìgbẹ́ àdán sì ni nígbà mìíràn. Bí òkun bá kún, omi iyọ̀ á wọ inú òkè náà lọ. Bí ó bá fà, omi tí kò níyọ̀ á jáde. Nǹkan bíi kìlómítà kan àtààbọ̀ péré ni wọ́n ń gbé àlejò dé. Ó tó. N kò tíì rí ọmọdé tí ìtàn ihò yẹn kò wọ̀ lára.

Fún ìwẹ̀, Honda Bay ni kí ẹ lọ. Omi rẹ̀ kò jìn lápá etí, ó sì máa ń rọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù ibẹ̀ ń jẹ́ Luli, orúkọ tí wọ́n gé kúrú nínú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pé ó ń rì, ó ń yọ: bí òkun bá kún, iyanrìn rẹ̀ á wọlẹ̀; bí ó bá fà, á tún hàn. Kò lẹ́wà tó El Nido, n kò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú ìyá àádọ́rin ọdún rìn kò nílò òkúta gíga, ọkọ̀ tí kò ní máa mì ló nílò.

El Nido: bí ẹwà òkun gan-an ni ẹ bá wá

Bacuit ni ìlú yìí ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. El Nido, ìyẹn ìtẹ́ ẹyẹ ní èdè Sípéènì, ni wọ́n sọ ọ́ ní 1954, ẹyẹ tó ni ìtẹ́ náà sì jọ alápàǹdẹ̀dẹ̀ tiwa púpọ̀. Inú ihò àpáta ló ń gbé. Itọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kọ́lé, itọ́ náà á gan, á dàbí àwo kékeré tó lẹ̀ mọ́ ògiri òkúta. Àwọn ará Ṣáínà ń fi ìtẹ́ yìí se ọbẹ̀ olówó iyebíye, nítorí rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀ fi ń fi ẹ̀mí wewu gun òkúta ọ̀gbun láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ wo òkúta wọ̀nyẹn dáadáa nígbà tí ọkọ̀ yín bá ń kọjá lábẹ́ wọn: òkúta ẹfun ni, omi ti jẹ ìdí rẹ̀ lọ, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì mú bí ọ̀bẹ. Èèyàn ń gun un láìwọ bàtà.

Òwò ìrìn orí omi níbẹ̀ létò. Lẹ́tà ni wọ́n fi pè é: A, B, C, D. Ẹ̀yin ni ẹ máa yan ọ̀kan lójoojúmọ́. Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan, ẹ mú A, nítorí Big Lagoon wà nínú rẹ̀. Ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní kayak ni ẹ máa fi wọlé, ògiri òkúta á ká yín mọ́, ohùn yín á sì máa dá yín lóhùn. Bí ẹ bá mọ ìwẹ̀ dáadáa tí ẹ sì ní ọjọ́ kejì, ẹ mú C. Etíkun kan wà lójú ọ̀nà C tó jẹ́ pé inú ihò òkúta ni ẹ máa lúwẹ̀ẹ́ gbà kí ẹ tó rí i. Bí ìgbì bá ń ru, ẹ má gbìyànjú rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ wọ ọkọ̀ rárá, kó lọ sí Nacpan, iyanrìn rẹ̀ gùn dáadáa, ilẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà débẹ̀.

El Nido kún jù. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ nìyẹn. Láàárọ̀, ọkọ̀ á tò lọ bẹẹrẹ láti etíkun ìlú, gbogbo wọn sì ń lọ sí ibi kan náà. Ẹ bá ọlọ́kọ̀ sọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé ẹ fẹ́ tètè gbéra. Ìyàtọ̀ wákàtí kan lè sọ adágún tó ń pariwo di adágún tó dákẹ́ rọ́rọ́.

Ní ti ìtàn, àwọn tó mọ̀ nípa ihò Ille ní àfonífojì Dewil kò pọ̀, bẹ́ẹ̀ agbègbè El Nido náà ló wà. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí egungun ẹkùn níbẹ̀. Kò sí ẹkùn kankan nínú igbó Filipínì lónìí, ṣùgbọ́n ó ti rìn níbẹ̀ rí.

Ibi kan tún wà tí n kò fẹ́ kí ẹ sùn kọjá nínú ọkọ̀. Lójú ọ̀nà láti Puerto Princesa sí El Nido, ẹ óò gba ìlú Taytay kọjá. Ní 1667 ni àwọn ará Sípéènì kọ́kọ́ kọ́ odi Santa Isabel síbẹ̀, igi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ní 1738 ni wọ́n fi òkúta parí rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ nítorí àwọn jagunjagun Mùsùlùmí tó ń ti gúúsù wá kó èèyàn lẹ́rú. Taytay fi ìgbà kan jẹ́ olú ìlú gbogbo agbègbè yẹn, nígbà tí Puerto Princesa kò tíì sí rárá. Odi náà dúró lórí òkúta, òkun ń lá a lẹ́sẹ̀, ìbọn àgbá ṣì kọjú sí omi. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó láti rìn ín yíká. Ẹ bá awakọ̀ sọ ọ́ kí ẹ tó gbéra.

Coron: bí ẹ bá fẹ́ kí òkun bá yín sọ̀rọ̀

Èmi, bí wọ́n bá ní kí n yan ẹyọ kan, Coron ni mo máa yàn. Ìdí ni pé òkun àti ìtàn kò ṣeé yà níbẹ̀.

Orúkọ náà ń ru èèyàn lójú. Ìlú Coron wà lórí erékùṣù Busuanga. Erékùṣù Coron fúnra rẹ̀ wà ní òdìkejì omi, àwọn Tagbanwa, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ló sì ni ín. Apẹja ni wọ́n, wọ́n sì ń kó ìtẹ́ ẹyẹ yẹn náà. Ìgbà kan wà tí àwọn àjèjì ń wá fi májèlé àti ohun abúgbàù pẹja nínú omi wọn. Àwọn Tagbanwa jà fún un lọ́nà òfin. Ní 1998 ìjọba gbà pé tiwọn ni, ilẹ̀ àti omi tó yí i ká, ó lé ní 22,000 hẹ́kítà. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní Filipínì kí wọ́n tó gbà á, pé kí ìjọba ka òkun mọ́ ogún ìran kan. Nítorí náà, owó tí ẹ bá san kí ẹ tó wọ adágún Kayangan, ọwọ́ onílẹ̀ ló ń lọ. Ẹ san án tayọ̀tayọ̀.

Kayangan àti Barracuda wà lára adágún díẹ̀ tí wọ́n ṣí fún àlejò. Ẹ óò gun àtẹ̀gùn òkúta, ẹ óò sọ̀ kalẹ̀, omi á sì tẹ́ sílẹ̀ níwájú yín, ó mọ́ débi pé ẹ óò rí ìdí òkúta nísàlẹ̀ bí ẹni ń wo inú àwo. Ti Barracuda yàtọ̀: bí èèyàn bá ṣe ń rì sí i ni omi náà ń gbóná sí i. Àwọn adágún yòókù, wọn kò ṣí wọn. Àwọn Tagbanwa gbà pé ẹ̀mí ń gbé ibẹ̀. Ẹni tó mọ ohun tí igbó orò jẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún un. Bí ọlọ́kọ̀ kan bá sọ pé òun lè yọ́ gbé yín débẹ̀, ẹ kọ̀ fún un.

Nísàlẹ̀ omi, ohun mìíràn ń dúró. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, àwọn ọkọ̀ ojú omi Jàpáàn tó ti sá kúrò ní Manila fara pamọ́ sáàárín àwọn erékùṣù yìí. Bàlúù ogun Amẹ́ríkà gbéra láti orí agbami, wọ́n sì rì wọ́n. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀: Irako tó ń kó oúnjẹ tútù fún àwọn ọmọ ogun, Okikawa Maru tó ń kó epo, Akitsushima tó ń tọ́jú bàlúù omi, tó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nísàlẹ̀ òkun báyìí. Iyùn ti bo ara wọn, ẹja ń gba ojú fèrèsé wọn wọlé. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi àgbá afẹ́fẹ́ mòòkùn ni wọ́n lè dé ibi tó pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní awò ojú omi àti ọ̀pá ìmí lásán lè rí ọkọ̀ ogun kékeré tó wà ní Lusong, nítorí kò jìn, orí rẹ̀ tilẹ̀ ń yọ bí òkun bá fà. Ẹ má mú nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Sàréè ni.

Lẹ́yìn náà ni Culion. Àwọn tó ń lọ sí Coron tí kò dé Culion pọ̀, ó sì ń ká mi lára. Ìrìn wákàtí méjì tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀ ni lórí omi. Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1906, ọkọ̀ gbé 370 adẹ́tẹ̀ láti Cebu wá síbẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà ló pàṣẹ rẹ̀, wọn kò sì bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́. Ibẹ̀ di ibùdó adẹ́tẹ̀ tó tóbi jù lágbàáyé nígbà kan. Wọ́n rọ owó tiwọn fún wọn, kí owó tí wọ́n bá fọwọ́ kàn má baà jáde. Wọ́n ń gba ọmọ tuntun lọ́wọ́ ìyá tó bí i, nítorí ìbẹ̀rù àrùn. Oògùn dé níkẹyìn, ẹ̀tẹ̀ tán níbẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2006. Ìlú lásán ni báyìí, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì pọ̀ tó jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn aláìsàn ọjọ́sí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà nínú ilé ìwòsàn àtijọ́. Ìwé àkọsílẹ̀, fọ́tò àti owó tí wọ́n rọ fún wọn yẹn wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì pupa wà lórí òkúta létí omi, níbi tí odi Sípéènì wà. Bí ẹ bá wo ara òkè, ẹ óò rí àwòrán ẹyẹ idì ńlá tí àwọn aláìsàn fi òkúta tò síbẹ̀ fúnra wọn.

Bí a bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ọ̀nà: Puerto Princesa ló rọrùn jù, bàlúù ń lọ síbẹ̀ láti Manila àti Cebu. Bàlúù tún ń lọ sí Busuanga fún Coron. El Nido ní pápákọ̀ kékeré, tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sì wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń gba ilẹ̀ láti Puerto Princesa, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà nínú bọ́ọ̀sì kékeré. Ẹni tí mọ́tò máa ń kọ́ lójú kó rò ó dáadáa.

Ìwẹ̀: ẹni tí kò mọ ìwẹ̀, Honda Bay àti Nacpan. Ẹni tó mọ̀ díẹ̀, El Nido. Ẹni tó ń mòòkùn, Coron, kò sí tàbí-ṣùgbọ́n. Etíkun iyanrìn gígùn kò pọ̀ ní ìlú Coron, èyí ń já àwọn kan kulẹ̀, nítorí náà mo ń sọ ọ́ ṣáájú.

Owó: ẹ pààrọ̀ owó yín sí péésò kí ẹ tó kúrò ní ìlú ńlá, tàbí kí ẹ gbà á lẹ́nu ẹ̀rọ ní Puerto Princesa. Ní El Nido, ẹ̀rọ tó ń pọ owó kò tó nǹkan, ó sì máa ń gbẹ. Gbogbo ibi ni wọ́n ti ń gba owó ìtọ́jú àyíká, ó yàtọ̀ sí owó ọkọ̀.

Oúnjẹ: Puerto Princesa borí. Àwọn ará Vietnam tí ogun lé wá síbẹ̀ fi ọbẹ̀ núdù ìrẹsì kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní chaolong, ìlú náà sì ti sọ ọ́ di tirẹ̀. Kajú pọ̀ ní Palawan, wọ́n ń yan án, wọ́n ń fi ṣe súwíìtì. Sípéènì ló gbé e wọ Filipínì bí àwọn Potogí ṣe gbé e dé Áfíríkà, Bràsíílì ni gbogbo rẹ̀ sì ti ṣẹ̀ wá. Tamilok ńkọ́? Inú igi tó ti jẹrà létí omi iyọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ó gùn, ó ń yọ̀ bọ̀rọ́, ó jọ ekòló, ṣùgbọ́n ó bá ìgbín tan ju kòkòrò lọ. Tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ọtí kíkan àti ata.

Ojú ọjọ́: oṣù kọkànlá sí oṣù karùn-ún ni ẹ̀rùn wọn. Oṣù kẹta àti ìkẹrin ni òkun ń dákẹ́ jù. Òjò ń pọ̀ láti oṣù kẹfà dé ìkẹwàá. Ẹ má fọkàn tán oṣù kejìlá jù: nínú oṣù yẹn ní 2021 ni ìjì Odette ba Puerto Princesa àti apá àríwá ìpínlẹ̀ náà jẹ́ gidigidi.

Fún àwọn tó mòòkùn dáadáa, Tubbataha, ìyẹn òkìtì iyùn ńlá kan, wà ní àárín òkun Sulu, ogún àgbáyé láti 1993. Inú ọkọ̀ ni ẹ máa sùn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà nìkan. Ẹni tí kì í mòòkùn kò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀.

Ti gúúsù, ìtàn ló wà níbẹ̀ ju ìwẹ̀ lọ. Ihò Tabon ní Quezon ni awalẹ̀pìtàn Robert Fox ti rí egungun èèyàn àtijọ́ ní 1962. Nínú ihò Manunggul, ní 1964, wọ́n rí ìkòkò ìsìnkú kan tó ti ń lọ sí 2,900 ọdún. Bí ẹ ò bá ráyè dé ibẹ̀, ìkòkò náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba ní Manila, wọn kì í gbowó ìwọlé. Ẹ wo ọmọrí rẹ̀. Èèyàn méjì jókòó nínú ọkọ̀ omi. Ẹni ẹ̀yìn ń tukọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjẹ̀ rẹ̀ ti kán lọ. Ẹni iwájú káwọ́ sáyà, ó kọjú síwájú. Ó ń lọ sí ọ̀run.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́rin, ẹ dúró sí Puerto Princesa, ẹ má lọ sí ibòmíràn. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ẹ mú El Nido tàbí Coron, ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Puerto Princesa, ẹ yà ní Taytay, ẹ sùn ní El Nido, ẹ wọkọ̀ omi lọ sí Coron, ẹ dé Culion, kí ẹ sì wọ bàlúù padà sí Manila láti Busuanga. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò físà kó tó gbéra, ilé iṣẹ́ aṣojú wọn sì wà ní Abuja. Kí ẹ tún fi ọjọ́ kan tó ṣófo sáàárín ọkọ̀ omi El Nido àti bàlúù tó ń gbé yín padà sílé. Bí afẹ́fẹ́ bá le, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun á ní kí ọkọ̀ kankan má gbéra, ẹ̀bẹ̀ kì í sì í yí wọn lọ́kàn padà.